Níbi Sàréè Capablanca ní Havana

Ẹni tó bá wọ itẹ́ òkú Colón ní Havana láìmọ ibi tó ń lọ, yóò rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Ó ní títì, ó ní oríta, àwọn olówó àtijọ́ sì kọ́ ilé mábù lé òkú wọn lórí. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún mi. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó di ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun ọrùn rẹ̀ mú, ó kígbe pé, “Kabiosile!” Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ọba ṣẹ́ẹ̀sì ràgàjì kan, mábù funfun, ló dúró lórí sàréè José Raúl Capablanca. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí ní 1888, ibẹ̀ náà ló ti gba adé ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé lọ́wọ́ Lasker ní 1921. Alekhine gba adé ọ̀hún ní 1927, kò sì gbà kí wọ́n tún un ta títí Capablanca fi kú ní New York ní 1942.

Ní 1962 ni Cuba bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìrántí rẹ̀. Che Guevara, tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, tó sì kúndùn ṣẹ́ẹ̀sì, wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Najdorf ará Argentina ló gba ti àkọ́kọ́.

Ti 1965 ni mo fẹ́ràn jù. Ìjọba Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí Bobby Fischer, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí Cuba. Ó bá jókòó sí Marshall Chess Club ní New York, ó ń fi tẹlẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, sọ ọmọ ayò tó bá gbé fún wọn ní Havana. Ẹni tó ń bá a ta á á gbé tirẹ̀, á máa retí èsì, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ wo ìyà!

Ivkov ará Yugoslavia ló ń léwájú nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje parí. Ó ti ká García, ọmọ Cuba, mọ́ kọ̀rọ̀. Ló bá ti ọmọ-ogun kan, ọmọ ayò tó kéré jù, síwájú. García gbé bíṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ayò tán, Ivkov pàdánù. Smyslov gba ife pẹ̀lú máàkì 15½; Ivkov, Geller àti Fischer tí kò tẹ ilẹ̀ Cuba ní 15.

Àwọn mìíràn ti gbà á lẹ́yìn ìyẹn, Ivanchuk ará Ukraine gbà á léraléra, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni èèyàn ń sọ bíi ti 1965?

Lọ́sàn-án, mo lọ sí hótẹ́ẹ̀lì Habana Libre, níbi tí Fischer fúnra rẹ̀ ti wá ta ṣẹ́ẹ̀sì fún Amẹ́ríkà ní Olympiad 1966, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àwọn orílẹ̀-èdè. Mo bi ọmọkùnrin tó gbé kọfí wá bóyá ó mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n. “Capablanca ńkọ́?” Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun ní ṣẹ́ẹ̀sì, pé tí mo bá ráyè lálẹ́, kí n wá, òun á nà mí.

Mo lọ. Kọfí kejì mi ò tíì tutù tó fi nà mí tán.