Àṣẹ Ìdánidúró Yàtọ̀ sí Àṣẹ Ìtanràn

Bí ẹni tó wọṣọ ìjọba bá nawọ́ sí awakọ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí awakọ̀ náà máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé eléyìí tiẹ̀ láṣẹ níbí?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ìbéèrè yìí, mo sì rí i pé mẹ́ta ni, wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ra wọn ni: ta ló lè dá ọkọ̀ dúró, ta ló lè mú awakọ̀ lọ sí àtìmọ́lé, àti ta ló lè bu owó ìtanràn lé e tàbí kó gbé e lọ sí kóòtù. Àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin, pé ìjòyè ló lè pé mẹ́fà. Lójú pópó, ọba lè pé mẹ́rin, nítorí pé ọlọ́pàá ìlú, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà lè máa ṣiṣẹ́ lórí òpópónà kan náà, láìsí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì nínú wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2004 fàyè gba àwọn ẹ̀ṣọ́ kan tí iṣẹ́ wọn wà lórí àwọn òpópónà márosẹ̀. Wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró, wọ́n lè ti ọ̀nà pa, ẹni tó bá sì kọ̀ sí wọn lẹ́nu ti rú òfin. Síbẹ̀, wọn kò lè mú ènìyàn, wọn kò sì lè bu owó ìtanràn lé e, nítorí iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Ní ilẹ̀ Faransé, ibi tí ọkọ̀ wà ló máa ń pinnu ẹni tí awakọ̀ máa bá pàdé: ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè ló ń ṣọ́ àwọn ìlú ńlá, àwọn Gendarmerie, tí wọ́n jẹ́ ológun, ló sì ń ṣọ́ ìgbèríko.

Ẹjọ́ tó la ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ ni United States v. Cooley, ìyẹn ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà bá awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Cooley ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kejì ọdún 2016, ọlọ́pàá ẹ̀yà Crow kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀, rí ọkọ̀ kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà 212 ní ìpínlẹ̀ Montana. Ó yà síbẹ̀ láti wò ó bóyá awakọ̀ náà nílò ìrànlọ́wọ́. Ojú awakọ̀ náà pọ́n, omi sì dé sí i. Ìbọn gígùn méjì wà lórí ìjókòó iwájú. Ọlọ́pàá náà ní kó sọ̀kalẹ̀, ó yẹ ara awakọ̀ náà wò, ó sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá káúntì, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ó ti rí oògùn olóró nínú ọkọ̀ náà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé awakọ̀ náà kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà kankan nínú wọn. Òpópónà náà gba àárín ilẹ̀ Crow kọjá, ṣùgbọ́n ti gbogbo ènìyàn ni, kóòtù ẹ̀yà náà kò sì ní àṣẹ lápapọ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tí a bá fi kan àlejò. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan awakọ̀ náà, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má lo ẹ̀rí tí ọlọ́pàá náà rí, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fara mọ́ ọn: wọ́n ní ọlọ́pàá náà ì bá ti kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ ẹ̀yà ni awakọ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé èyí. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni awakọ̀ yóò máa pa, àti pé ọlọ́pàá ẹ̀yà lè dá àlejò dúró lójú ọ̀nà, kó sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀ títí tí ẹni tó láṣẹ láti gbé e lọ sí kóòtù yóò fi dé. Èmi gbà pé wọ́n jàre. Ewu ojú ọ̀nà kì í dúró de ẹni tó ń wá ìwé ìran.

Ibi tí ọkàn mi kì í ti í balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó. Nǹkan bí 90 ìlú kéékèèké ló wà nínú káúntì St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ní ọdún 2015, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ọlọ́pàá àti kóòtù tirẹ̀, débi pé ìrìn àjò kúkurú kan lè gba abẹ́ àṣẹ ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá. Owó ìtanràn ọkọ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn ìlú náà gbójú lé. Ní ọdún yẹn, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ohun tí ìlú lè rí nínú irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un, ó sì fi ti àwọn ìlú káúntì St. Louis sí 12.5. 30 ni fún gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Ààlà tó wà láti dáàbò bo ará ìlú ti di ẹnubodè agbowó-orí.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé àdéhùn Schengen ti ọdún 1990, tí àwọn orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀ fi ṣí ààlà wọn sílẹ̀ fún ara wọn, fàyè gba ọlọ́pàá láti lépa ẹni tó ká mọ́ ọ̀ràn wọ orílẹ̀-èdè kejì, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ nìkan, kò sì gbọdọ̀ wọ ilé onílé. Ó gbọ́dọ̀ wọṣọ iṣẹ́ tàbí kí àmì wà lára ọkọ̀ rẹ̀, kó sì kàn sí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, ó pẹ́ jù, bó ṣe ń sọdá ààlà. Lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí àdéhùn náà tò ni ti ẹni tó fa ìjàm̀bá ọkọ̀, tí ènìyàn kú tàbí tó fara pa gidigidi, tí kò sì dúró. Eré àsápajúdé lásán kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí yàtọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fún ọlọ́pàá àlejò náà láṣẹ tó pọ̀ jù, ó lè di awakọ̀ náà mú, kó sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí ọlọ́pàá ibẹ̀ yóò fi dé láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.