Ta ni yóò fà yín padà? Ohun tí ojú wa rí lórí omi Ọ̀yán

Ẹ má bi mí nípa Olúmọ. Gbogbo àlejò tó bá ti wọ Abẹ́òkúta, Olúmọ ló ń béèrè. Èmi tí mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí òkè náà wà lẹ́yìn ọrùn mi, mo ti bá àlejò gùn ún débi pé orúnkún mi ń bú mi. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin dé láti Amẹ́ríkà lásìkò ọyẹ́, tó ní ẹja lòun fẹ́ lọ fi ìwọ̀ pa. Maryland ló ń gbé. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níbẹ̀ tó fi ń pẹja lópin ọ̀sẹ̀. Kì í tà á o, fàájì ni. Nígbà míì tó bá mú ẹja tán, á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á tún jù ú padà sómi. Nígbà tí màmá wa gbọ́ ìyẹn, wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá yí sí mi pé, "Ṣé ara ọmọ yìí yá?"

Odò Ògùn ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Mo ní kó lọ wò ó láti orí afárá Láfẹ́ńwá ná. Ó lọ, ó wò ó, ó padà wálé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, àpáta tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju omi lọ. Bá a ṣe fi orí lé dáàmù Ọ̀yán nìyẹn. Ọ̀nà ibẹ̀ ò yẹ lóhun à ń ròyìn: eruku, kòtò, eruku.

Ṣùgbọ́n omi náà! Mo ti gbé Abẹ́òkúta láti kékeré, n ò tíì fojú rí i rí, ojú sì tì mí díẹ̀. Ọdún 1983, láyé ìjọba Shagari, ni wọ́n ṣí dáàmù náà. Omi tó kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀ bo ilẹ̀ tó tó 4,000 hẹ́kítà, àtinú rẹ̀ sì ni omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta àti ti Èkó ti ń rí gbà. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ò ní rí òdìkejì. Ọkọ̀ àwọn apẹja kàn ń yọ jáde nínú kùrukùru bí ẹni tó ń tinú àlá bọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé igbó àti oko ni abẹ́ omi yẹn tẹ́lẹ̀, pé àwọn igi kan ṣì wà níbẹ̀ lórí ìdúró, àti pé bí omi bá ti fà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, orí wọn a máa sún mọ́ òkè.

Ọlọ́kọ̀ tá a bá létí omi wo fìlà àbúrò mi, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní ₦40,000. Mo ní kó tún un wò. A ná an títí tó fi dé ₦18,000, ó wá ní a máa fi ₦5,000 ṣe ìdógò lórí láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, bí ẹni pé a fẹ́ gbé wọn sá lọ sí Maryland. Ìdè ọ̀kan ti já, àǹkárá ni wọ́n fi so ó. Àwa mẹ́ta ló ń lọ, jákẹ́ẹ̀tì méjì. Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé wa, ó ní òun ní òde ìnáwó kan. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún 19 lọ ló fà lé wa lọ́wọ́.

Àbúrò mi bi í bóyá rédíò wà nínú ọkọ̀, torí ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ìkànnì 16 lórí rédíò ojú omi ni ẹni tó bá wọ wàhálà máa ń ké sí. Ọmọ náà ní rédíò wà nílé o, òun lọ̀gá fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Odidi wákàtí kan, ẹja ò jẹ. Aràn oníke aláwọ̀ ewé ni àbúrò mi fi sẹ́nu ìwọ̀. Àwọn apẹja tó ń kọjá á wò ó, wọ́n á kí wa, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á lọ. Ó ní ká sún sí ọ̀kánkán kan tí omi ti dúdú díẹ̀. A ò tíì dé ibẹ̀ tí a fi gbọ́ "gbà!" lábẹ́ ọkọ̀. Mo di pákó mú.

Ẹ́ńjìnì ò kú o, òun gan-an ló dunni jù. Ó ń bú ramúramù, èéfín ń jáde, àmọ́ ọkọ̀ dúró sójú kan. Ọmọ náà pa á, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè kúrò lómi. Àbúrò mi fi ìka kan tọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ, abẹ̀bẹ̀ náà sì ń yí wìrìwìrì bí èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n kì bọ inú ọ̀pá abẹ̀bẹ̀, kò gùn ju ìka ìkẹyìn ọmọdé lọ. Òun ló so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rọ̀ ni, pé bí abẹ̀bẹ̀ bá gbá igi, irin yẹn ni kó kán, kí eyín inú ẹ́ńjìnì má bàa fọ́. Irin ₦200 kan ló ń kú dípò ẹ́ńjìnì. Ó ní ẹni tó bá ní irú ẹ́ńjìnì àtijọ́ yìí kì í jáde láìmú mẹ́ta mẹ́rin dání.

Ó bi ọmọ náà, "Òmíì dà?"

"Ọwọ́ ọ̀gá ló wà."

"Ọ̀gá dà?"

"Wọ́n wà lóde ìnáwó."

Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, ó sì ti là. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé wa lọ sáàárín omi. Mo pe ọlọ́kọ̀, ìlù ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, lẹ́yìn náà ni òun: "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń bọ̀." Ẹ̀yin náà mọ "mo ń bọ̀" yẹn. Àbúrò mi ní òun máa bọ́ sómi kóun máa ti ọkọ̀ lọ síbi tí omi ò ti jìn. Mo gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú. Omi Ọ̀yán lókìkí àtọ̀sí ajá, èyí tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ara ìṣáwùrú ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ìyá tó bí wa ò rán mi pé kí n dá ọmọ rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìyẹn.

Bá a ṣe jókòó nìyẹn. Wákàtí kan lé. Níbẹ̀ ló ti wá ń sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa fa ọkọ̀ tó kú sórí omi lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ojú omi ìjọba ló ń ṣe é, epo ẹni á tán, ẹni á pè wọ́n, wọ́n á wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu làwọn á máa sáré sí, ẹni tí epo rẹ̀ kàn tán, kó wá ẹni tí yóò fà á. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Sea Tow ṣe jáde ní New York nìyẹn, lọ́dún 1983. Mo ní, "Ọdún kan náà pẹ̀lú dáàmù yìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa gba omi lọ́dún yẹn, àwọn gba ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀.

Ó ní bí ẹni dá owó ẹgbẹ́ ni. Ẹ ó san ti ọdún kan, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kú ẹ ó pè, wọ́n á wá fà yín láìtún bèèrè owó. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́, wákàtí ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, ó sì lè ju $200 lọ fún wákàtí kan. Aago ọ̀hún ò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so okùn mọ́ yín o. Àtìgbà tí wọ́n bá ti kúrò ní èbúté tiwọn ló ti ń kà, títí wọ́n á fi padà débẹ̀.

Mo ní, "Olè nìyẹn."

Ó ní n ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá ń rì, tàbí tí ìgbì ń gbé e lu àpáta, wọn ò pe ìyẹn ní fífà mọ́, ìdóòlà ni, iye tí ọkọ̀ náà tó gan-an ni wọ́n á sì fi díwọ̀n owó wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́n fi máa ń béèrè kó tó gba okùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: fífà ni àbí ìdóòlà?

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí ọkọ̀ apẹja kan fi yọ. Ará Ìdọ́mà ni, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó yí wa ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìdí ẹ́ńjìnì, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé okùn sókè. Kò jù ú sí wa o. Ó kàn gbé e sókè. Ó ní ₦25,000.

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, fífà ni àbí ìdóòlà?"

Ó wò mí, ó wo okùn. "Màmá, okùn ni."

Mo ní ₦5,000. Ó ká okùn rẹ̀ jọ, ó tan ẹ́ńjìnì, ó sì ń lọ lóòótọ́. Ọ̀nà témi náà máa ń gbà mú oníbàárà ní Ìtòkú ló fi mú mi yìí! Mo jẹ́ kó lọ díẹ̀, kójú má tì mí, kí n tó pè é padà. Ó ní bóun ṣe ń fà wá yìí, àwọ̀n òun wà lómi láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, epo òun náà sì ń jó. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. A parí ẹ̀ sí ₦12,000. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí kí n má bàa gbàgbé: ẹ ti bá ẹni kan sọ ọ́ lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èló? Lórí omi, ẹ ò lẹ́nu ìnájà.

Ọmọ tó ń wa ọkọ̀ wa kọ́kọ́ fẹ́ so okùn mọ́ pákó ìjókòó. Ọkùnrin náà ké mọ́ ọn: ṣé ó fẹ́ kí pákó tú nìdí àwọn èèyàn ni? Òrùka irin tó wà ní imú ọkọ̀ ló ní kó so ó mọ́. Ó ní kí àwa mẹ́ta kó sẹ́yìn, kí imú ọkọ̀ lè gbéra, kó má baà máa walẹ̀ mọ́ omi. Okùn tó tú sílẹ̀ gùn ju ọkọ̀ méjì lọ. Mo rò pé àṣejù ni, ó ní bó bá kúrú, tòun bá dín eré kù, tiwa á wá gbá a nídìí. Ó rọra ń lọ títí okùn fi yọ lójú omi, tó ń kán tótó, tó wá le gan-an. Ó tún bojú wẹ̀yìn, ó ní kí n kúrò ní ọ̀gangan okùn. "Tó bá já, ojú èèyàn ló ń wá."

Àbúrò mi ń mi orí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Maryland gẹ́lẹ́ nìyí, àfi pé àwọn yẹn máa ń fúnni níwèé owó.

Bá a ṣe gúnlẹ̀, ọkùnrin náà ò kúrò. Ó bèèrè ìṣó lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta oúnjẹ létí omi, obìnrin náà fa ọ̀kan yọ lára búkà rẹ̀. Ó fi àdá gé orí rẹ̀, ó kì í bọ ihò ọ̀pá abẹ̀bẹ̀, ó tẹ etí rẹ̀ kọ́. Ó yí abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ dúró gbọn-in. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣó kan! Mo wo ọmọ yẹn títí, ó wo ilẹ̀. Àbúrò mi kìlọ̀ pé ìṣó le jù, tó bá tún gbá igi, kò ní kán, eyín inú ẹ́ńjìnì ló máa fọ́. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀. "Nígbà yẹn, wọ́n á tún pè mí."

Inú mi tó ti bàjẹ́ wá yọ̀ lójijì. Epìyà mẹ́rin tó ṣì ń jà la rà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin oníbúkà ha ìpẹ́ wọn lójú wa, ó fi ata rodo, iyọ̀ àti epo díẹ̀ sè é, kò fi ohun kan bò ó mọ́lẹ̀. Láfún rẹ̀ funfun, ó ń fà, kò ní kóró kan. Ẹran ẹja náà ń yọ lára egungun fúnra rẹ̀. Àbúrò mi tó ń dá ẹja padà sómi lá àwo, ó ní kí wọ́n bu òmíì wá. Gbogbo owó oúnjẹ wa ò tó ohun tá a fi ra omi inú ike àti ìpápánu lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ torí láfún yẹn nìkan, mo máa padà lọ. Orúkọ tí mo fi kọ nọ́ńbà ọkùnrin náà sínú fóònù mi ni "Okùn Ni".

Ìgbà tá a ń fọwọ́ ni ọlọ́kọ̀ dé, nínú aṣọ ẹbí, pẹ̀lú ike jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́wọ́. Kò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ₦5,000 ìdógò mi. Ó gbé láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjèèjì wò síwá sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ó ní òun ò lè dá owó kankan padà.

Ó ní wọ́n ti tutù.