Ẹ kọ orúkọ yín sí i kó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì padà sí Àgbádárìgì, bí mo bá sì gbọ́ ìró àgádágodo lára ilẹ̀kùn, àyà mi ṣì máa ń já. Mo ní kí n kọ èyí nígbà tó ṣì ń dùn mí, torí bó bá jinná tán, mi ò ní rántí bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán, tí ẹ ti gbé ọjà yín kọjá bodà Sẹ̀mẹ̀ tàbí tí ẹ ń múra àtigbé e kọjá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti nǹkan kan, kó sì wá gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe. Mò ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ti ọwọ́ àti yẹtí, mo sì ń fi watercolour ya àwòrán, àwọ̀ tí a ń fi omi pò. Ìlẹ̀kẹ̀ ló gbé mi dé Gánà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọjà ìlẹ̀kẹ̀ máa ń wà ní Koforidua, àwọn ará Krobo á sì kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Ìgò àfọ́kù ni wọ́n ń gún nínú odó títí á fi kúnná bí èlùbọ́. Wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sínú àwọn ihò kéékèèké tó wà lára amọ̀ tí wọ́n ti mọ sílẹ̀, wọ́n á wá fi igi ewé ẹ̀gẹ́ gún àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá wọ iná, igi ewé yẹn á jóná dànù, ibi tó dúró sí lá di ojú ihò tí okùn máa gbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò fẹ́ kúrò. Èèpo àgbọn tiwa níbí ni mo máa ń gé wẹ́wẹ́, tí mo máa ń fi iyanrìn ha títí á fi dán, tí mo sì ń sín pọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wọn tó pọ́n bí ọsàn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ kí n tó lọ ni ti òfin. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún wa láàyè láti wọ Gánà láìgba físà, kí á sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n wíwọlé ọ̀tọ̀, títajà ọ̀tọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013, Act 865, fi ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ àti títa nǹkan lórí àtẹ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Àjèjì tó bá fẹ́ máa rà kó máa tà, mílíọ̀nù kan dọ́là ni òfin ọdún 2013 yẹn ní kó ní lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì gbọ́ ni. Mi ò sọ ọ́ láti bú wọn o, ilé wọn ni, wọ́n sì láṣẹ lórí rẹ̀. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi wá ẹni tó máa bá mi gbé ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú mi.

Màmá kan wà ládùúgbò wa nítòsí Marina, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kumasi ni wọ́n gbé nígbà èwe wọn. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn fún ọ̀rẹ́ wọn kó bá wọn tọ́jú rẹ̀. “Mi ò fojú kàn án mọ́ títí dòní,” báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ dágbére. Mo rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ di báàgì mi.

Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wá gbé ọjà mi sí, Yorùbá ni wọ́n. Àkrà ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn, Yorùbá ẹnu wọn sì já gaara. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni wọ́n ní ní Osu, àdúgbò kan ní Àkrà, ibi tí àwọn àlejò máa ń gbà kọjá. Wọ́n ní kí n máa kó ọjà wá, tí a bá tà á, 60 nínú 100 tèmi, 40 tiwọn. Mo ní ṣé ká kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́. “Àbúrò mi, ìwé wo la tún fẹ́ kọ láàárín ara wa? Ṣé àjèjì ni mí sí ẹ ni?” Ojú tì mí pé mo tiẹ̀ béèrè. Ní ìlú àjèjì, tí ẹnì kan bá pè yín ní àbúrò lédè ìyá yín, ẹ̀yin náà á gbà.

Wọ́n wá fún mi ní ìdìpọ̀ káàdì kéékèèké, orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn ló wà lára rẹ̀, pé kí n máa so ó mọ́ ọn kí ọjà lè dà bí ọjà. Mo jókòó ní yàrá mi ní àdúgbò Madina, ní Àkrà, láti ìrọ̀lẹ́ di òru, mò ń so káàdì mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú funfun, ìso méjì méjì kó má baà tú. Ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oṣù márùn-ún ló lọ dáadáa. Wọ́n ń sanwó, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, nígbà tí àlejò ń rọ́ wọ Àkrà láti gbogbo ayé, fóònù Àǹtí kò lọ mọ́. Ọjọ́ Àìkú, kò lọ. Ọjọ́ Ajé, kò lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò wọn, lọ sí Osu. Àgádágodo tuntun ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń dán. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, owó ilé tí wọn kò san ni.

Mo fi iwájú orí ti gíláàsì, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú mi kí n lè ríran. Ìlẹ̀kẹ̀ mi wà níbẹ̀. Wọ́n fi kọ́ ara ère onígi kan, ìpele mẹ́ta. Lókè rẹ̀ ni àwòrán tí mo fẹ́ràn jù wà, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta létí ọ̀sà wa, ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ lókè igi àgbọn erékùṣù Gberefu. Pupa ojú ọ̀run yẹn ti lọ. Oòrùn tó ń wọ ojú gíláàsì yẹn lójoojúmọ́ ti jẹ ẹ́ tán, ó ṣẹ́ ku nǹkan bí omi orí ògì. Búlúù nìkan ló dúró. Bí mo ṣe ń wò ó, èémí mi ń bo gíláàsì, mo ń fi apá aṣọ nù ún, mo tún ń wò ó. Ọwọ́ mi ò lè tó o. Iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe, mo wá dúró níta bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo wọn, lẹ́bàá ọ̀nà ló gbé àpótí fún mi pé kí n jókòó.

Ọjọ́ kẹta ni onílé fúnra wọn wá ṣílẹ̀kùn. Bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n fara balẹ̀, wọn ò bú mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé tèmi ni ìwọ̀nyí, tèmi ni ìwọ̀nyẹn. Wọ́n mú ọ̀kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n yí káàdì ara rẹ̀ síwájú.

“Orúkọ ta nìyí?”

Mo ní ti ṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo so ó mọ́ ọn, ẹ wo ìso òwú yẹn, ọwọ́ mi nìyẹn.

“Nígbà náà, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ti ṣọ́ọ̀bù ni.”

Mo fi èèpo àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ hàn wọ́n, pé kò sí ẹlòmíì tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá àgbọn ò sí ní Gánà. Mo ṣí WhatsApp, ohùn Àǹtí ló wà níbẹ̀, “Àbúrò mi, ọjà ti dé, ó dáa,” ṣùgbọ́n ọjà wo? Mélòó? Kò sí níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ 63 ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo mọ iye rẹ̀ torí mo kà á níbẹ̀, lójú wọn, pẹ̀lú omijé. Kì í ṣe pé mo ti kọ ọ́ sí ibì kankan.

Àwòrán ló gba ara rẹ̀ là. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ mi sẹ́yìn bébà kí n tó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí ti kó gbogbo wọn fún onífẹ́rẹ́mù, ó sì ti fi téèpù aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ ẹ̀yìn wọn pa. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n la ẹyọ kan péré. Wọ́n ní kí ọmọ tó tẹ̀ lé wọn fún mi ní ọ̀bẹ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ fi gé mi ní àtàǹpàkò. Mo ṣí pákó ẹ̀yìn rẹ̀, bébà yọ, orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, “Àgbádárìgì” wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n kà á, wọ́n ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ mi wá kí wọ́n fi wé e. Wọ́n ní kí n la ìyókù. Nínú 14, orúkọ wà lẹ́yìn 11. Àwọn mẹ́ta tí mo kánjú ṣe, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mẹ́ta yẹn ò kúrò níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ 63 náà ò kúrò níbẹ̀.

Pẹ́ńsù lásán. Ohun tó yà mí kúrò nínú òfo pátápátá nìyẹn.

Mo ta mẹ́rin nínú àwòrán náà fún àwọn àlejò, mo fi owó rẹ̀ san gbèsè yàrá, mo wọ ọkọ̀, bodà mẹ́ta, Aflao, Hillacondji, Sẹ̀mẹ̀, mo dé ilé kí ọdún tó parí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ padà, ọjà sì ń lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wá nìyí, ẹ sì máa gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu mi: ẹ kọ orúkọ yín sí i. Kì í ṣe sára páálí, kì í ṣe sára káàdì tí ẹnikẹ́ni lè gé dànù. Sára nǹkan náà gan-an. Ní báyìí, mò ń gé idẹ pẹlẹbẹ, kò ju èékánná ọmọdé lọ, mo ń fi òòlù àti irin alétà lu orúkọ mi sí i, mo sì ń sín in mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkọ́, kó jẹ́ pé àfi tí wọ́n bá já okùn kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Àwòrán, mo ń kọ orúkọ síwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, mo tún ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn kó tó rí fẹ́rẹ́mù. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò o, kì í ṣe báírò, torí omi ò lè tú pẹ́ńsù, yíǹkì báírò sì lè wọ bébà yọ síwájú.

Ẹ̀kejì, ìwé. Ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó gba ọjà, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ kọ iye owó, ẹ kọ ìpín kálukú, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa wá kó èyí tí kò bá tà. Gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ọjà yìí ṣì jẹ́ tèmi títí a ó fi tà á. Gbólóhùn yẹn ni mi ò ní lọ́wọ́ níwájú Bàbá yẹn. Ẹnì kan á ní ó dà bíi pé ẹ ò fọkàn tán èèyàn. Àbúrò ìyá mi ti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Àǹtí kọ́ ló jí ọjà mi. Gbèsè ló ká wọn mọ́, wọ́n sá, bóyá àwọn náà ń sunkún níbi tí wọ́n wà. Mo fọkàn tán wọn, síbẹ̀ onílé ni mo bá pàdé, onílé ò sì mọ̀ mí. Ìwé yẹn, ti ẹni tí kò mọ̀ yín ni.

Ẹ béèrè òfin ìlú tí ẹ ń lọ kí ẹ tó lọ. Mo ti sọ ti Gánà.

Ti àwọ̀, ẹ wo ara túùbù yín, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ lẹ́bàá orúkọ rẹ̀. PR83, pupa tí wọ́n ń pè ní alizarin crimson, máa ń ṣá nínú oòrùn. PB29, búlúù ultramarine, kì í ṣá. Mo ti ń ra àwọ̀ láti ọdún pípẹ́, mi ò wo nọ́ńbà rí, àfi ọjọ́ tí mo rí ojú ọ̀run tí pupa rẹ̀ ti lọ lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ sì sọ fún ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín pé kó má gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Kí ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ Màmá tí wọ́n gbé ní Kumasi yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ò sọ pé ṣebí àwọn wí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi ìka wọn pa ojú àpá tó wà ní àtàǹpàkò mi.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà ní Àkrà, tí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn lọ́rùn èèyàn, ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ rẹ̀. Tí èèpo àgbọn kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, dúdú, tó ń dán, èmi ni mo fi iyanrìn ha á, níbí, létí ọ̀sà.