Windows XP ṣì ń jẹun lọ́dọ̀ mi

Tí oníbàárà bá mú CD àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú, mo ti máa ń fura kí n tó kì í bọnú ẹ̀rọ: fáìlì PageMaker, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú ìwé, ni. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé orin ìjọ, ìtàn ìdílé, òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń tò wọ́n nígbà náà. Adobe gbé ẹ̀dà 7 jáde lọ́dún 2001, kò sì sí òmíràn mọ́. InDesign, ètò títo ìwé tí Adobe fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀dà CS6 rẹ̀ ló ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ò dá a mọ̀ rárá. Ìdí rèé tí Windows XP, tí Microsoft ti pa tì láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, fi ṣì ń jẹun lọ́dọ̀ mi, nínú VirtualBox, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ nínú òmíràn. Inú XP yẹn ni PageMaker mi wà.

Ọmọṣẹ́ mi ní kí n kúkú lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Kọ̀ǹpútà ogún ọdún, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí? Nínú VirtualBox, gbogbo ẹ̀rọ náà kò ju fódà kan lọ. Mo dà á kọ sórí flash, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ má kẹ́ ẹ jù o. RAM 512MB àti CPU kan ti tó o. Orí IDE, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ fi díìsìkì rẹ̀ sí, torí CD XP kò ní dírífà SATA, ọ̀nà tuntun, á ní òun ò rí díìsìkì kankan. Kí ẹ sì yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dí ihò ààbò ara rẹ̀ mọ́. Guest Additions, àfikún VirtualBox tí a máa ń fi sínú XP, á bá yín ṣe fódà tí òun àti Windows tuntun jọ ń lò. (Windows 98 kò ní Guest Additions ní tiẹ̀, RAM tó bá sì pọ̀ jù máa ń dá a dúró. Mo ti fi í sílẹ̀.)

Fóǹtì gan-an ni wàhálà. Kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, fóǹtì tí ẹnì kan ti fọwọ́ tún gé la fi ń tẹ Yorùbá. Wọ́n á gba àyè c, q, v, x àti z, tí a kì í lò, wọ́n á fi lẹ́tà olóhùn síbẹ̀, kálukú sì ní bó ṣe gé tirẹ̀. PageMaker kì í kó fóǹtì sínú fáìlì. Tí fóǹtì yẹn kò bá sí nínú XP mi, "Ọlọ́run" á di "Qlvrun".

Tó bá jẹ́ àtúntẹ̀ lásán ni, mo máa sọ ọ́ di PDF, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe ló níṣẹ́: màá gbé e jáde ní RTF, irú fáìlì tí Word lè ṣí, màá lo Find and Replace nínú Word, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí n sì dárúkọ fóǹtì tó máa wá. Fóǹtì Times la fi ń tẹ "David" àti "Victoria" nígbà yẹn. Tí ẹ ò bá yọ Times sílẹ̀, "David" yóò di "Daọ́id".

Owó èyí kò sí nínú owó ìtẹ̀wé. Mo máa ń sọ ọ́ kí oníbàárà tó gbé CD sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ní, "Ẹ ṣáà bá mi ṣí i."