Bí Mo Ṣe Ń San Gbèsè Káàdì Amẹ́ríkà Láti London

Mo ti kúrò ní Houston, ṣùgbọ́n káàdì tí mo gbà níbẹ̀ kò tíì fi mí sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, báńkì mi níbí á gba pọ́n-ùn 20 kó tó fi owó ránṣẹ́, á sì tún fi pàṣípààrọ̀ rẹ́ mi jẹ. Nítorí gbèsè dọ́là 60! Ẹ gbà mí o.

Wise, ilé-iṣẹ́ tó ń báni ṣẹ́ owó tó sì ń fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń lò báyìí. Pọ́n-ùn ní àpò tirẹ̀, dọ́là ní tirẹ̀. Bí dọ́là bá wálẹ̀ díẹ̀, mo ṣẹ́ pọ́n-ùn sí i. Àpò dọ́là yẹn ní routing number, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń dá báńkì mọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òun ni mo fi ń san gbèsè náà bí ẹni pé mo ṣì wà ní Texas. Mo gbàgbé láti ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀kan, owó ìtanràn dé. Ní báyìí, bó bá ti ku ọjọ́ márùn-ún kí ọjọ́ ìsanwó pé ni mo ti ń ṣẹ́ ẹ.