Bí A Ṣe Gun Orí Òkè Mambilla

Tí ẹnìkan bá sọ nílé wa pé òun fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Òkè Ọya, ilẹ̀ tó tẹ́ lọ salalu àti oòrùn tó ń jóni lórí ló sábà máa ń wá sọ́kàn. Òkè Ọya tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yàtọ̀. Níbẹ̀, èèyàn á wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan, kùrukùru á gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé, ewé tíì á sì tẹ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Mambilla lorúkọ ibẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Taraba, létí ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Orí òkè tó tẹ́jú tó sì gbòòrò ni, ó fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju ojú òkun lọ. Nínú gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn tó o.

Àwa mẹ́rin la jọ lọ, ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ sì ni gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n ló wakọ̀. Òun ló dàgbà jù nínú wa, Jalingo ló sì ti ṣe agùnbánirọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ Hausa dénú, tó sì lè fi Fulfulde, èdè àwọn Fúlàní, kí èèyàn. Ìyá Ìbejì ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì. Kò sí ewé tàbí ẹyẹ tó rí tí kò ní ká dúró ná. Ẹnì kẹrin la ń pè ní Ọ̀gá Mẹkáníìkì, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Oṣù Kọkànlá la yàn láàyò. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ máa ń yọ̀ lójú ọ̀nà òkè. Bí ọ̀yẹ́ bá sì ti dé tán, eruku á bo gbogbo ohun tí èèyàn torí ẹ̀ wá.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kà á á ti máa bi ara rẹ̀ léèrè nípa ààbò. Ohun tí a ṣe ni pé láràárọ̀, kí a tó gbéra, Ẹ̀gbọ́n á pe àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n bí ibẹ̀ ṣe rí. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ní ká ṣe sùúrù, a ó dúró síbi tí a wà. A kì í sì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá wa lójú títì rárá.

Jalingo la ti bẹ̀rẹ̀, olú-ìlú Taraba, ìpínlẹ̀ tí wọ́n yọ lára Gongola àtijọ́ lọ́dún 1991. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀gá Mẹkáníìkì kò jẹ́ ká kúrò níbi tí a sùn àfi ìgbà tó yẹ bíréèkì wò, tó yẹ omi rédíétọ̀ wò, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ táyà àpamọ́ wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Gígun òkè kọ́ ló ń pa ọkọ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni." Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká kó lè gbọ́ bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń dún.

Lẹ́yìn ìlú Bali ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ aró, kó tó wá máa di àwọ̀ ewé bí a ṣe ń sún mọ́ ọn. Nígbà tí a fi dé Serti, ó ti gba gbogbo iwájú wa kan. Serti ni olú ọ́fíìsì ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti wà, èyí tó tóbi jù lọ nínú àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ju 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Inú rẹ̀ ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, 2,419 mítà. Ọkọ̀ kì í débẹ̀. Ẹsẹ̀ lèèyàn á fi rìn ín fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà, nítorí náà a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Àmọ́ Ìyá Ìbejì kò lè kọjá níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ àwọn ìnàkí inú igbó Gashaka fún wa. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ wọn ti rí i pé wọ́n máa ń ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò ìjàlọ láti fi fà á jáde jẹ, wọ́n sì ń fi igi gún ilé oyin kí wọ́n lè rí oyin inú rẹ̀ lá.

Mayo Selbe ni ẹsẹ̀ òkè náà. A ra omi níbẹ̀, a jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì tutù, a sì dojú kọ ọ̀nà.

Kọ́nà lórí kọ́nà ni. Òkè wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì, ibòmíràn sì wà tí títì ti fọ́ tó jẹ́ pé àárín gbùngbùn nìkan ló ṣeé gbà. Bí a bá ti fẹ́ yà ni Ẹ̀gbọ́n ń fun fèrè ọkọ̀, torí ẹni tó ń bọ̀ látòkè kò lè rí wa. A pàdé tírélà kan tó kó màálù, tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú jíà kìíní. Ọmọ ọkọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó gbé ìtì igi lọ́wọ́, kí ọkọ̀ tó fẹ́ yẹ̀ ló máa sọ ọ́ sábẹ́ táyà. Mo wo ojú ọmọkùnrin náà dáadáa bí a ṣe ń kọjá. Ẹ̀mí awakọ̀, ẹ̀mí màálù àti tiwa tí a wà nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó juwọ́ sí wa. Ọ̀nà yìí nìkan ni àwọn ará Mambilla fi ń gbé àgbàdo, màálù àti tíì wọn sọ̀kalẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn àti aboyún tí ọ̀rọ̀ wọn ju agbára ilé ìwòsàn orí òkè lọ. Ó yẹ kí ìjọba tún un ṣe, kí wọ́n sì ṣe é kó le.

Bí a ṣe ń gùn ni ara ń tù wá. A ti pa ẹ̀rọ amúlétutù, a ṣí fèrèsé. Ìyá Ìbejì ṣàlàyé pé atẹ́gùn tó bá ń gòkè máa ń fẹ̀, bó bá sì ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù. Tí èèyàn bá gun 1,000 mítà, ìgbóná ojú ọjọ́ á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lórí Celsius rẹlẹ̀. Etí wa dí, ó sì là. Igi ẹmi àti igi ìgbá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò tẹ̀lé wa dókè. Koríko kúkúrú ló gbapò wọn, igi gidi kò sì sí mọ́ àfi nínú àwọn àfonífojì tí odò kéékèèké ń gbà. Lójijì ni ọ̀nà tẹ́jú, tí òkè tó bọ̀ǹtì sọ wá kalẹ̀ sáàárín àwọn òkè mìíràn, òkè lẹ́yìn òkè, gbogbo wọn ní àwọ̀ ewé, tí màálù funfun tò sára wọn. Ọ̀gá Mẹkáníìkì ní, "Nàìjíríà náà nìyí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

Ibi tó dúró sí yẹn la ti pàdé ìyá Fúlàní kan tó gbé igbá kindirimo lórí. Ẹ̀gbọ́n kí i pé, "Jam na?" Ìyá náà dáhùn tìyanu-tìyanu, ó sọ igbá kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ọmọ, àlàáfíà màálù, àlàáfíà ọ̀nà lọ́wọ́ ara wọn. Wàrà náà ki, ó kan díẹ̀, ó sì tutù nini láìjẹ́ pé yìnyín kankan wà nínú ẹ̀. Mo mu tèmi tán, mo mu nínú ti Ìyá Ìbejì.

Kakara ni oko tíì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Highland Tea, èyí tí ẹ lè ti rí páálí rẹ̀ lọ́jà. Ó jọ mí lójú gan-an pé ilẹ̀ wa ń hu tíì. Òtútù, òjò tó pọ̀ àti ilẹ̀ tó dagun tí omi kì í dúró sí ni igi tíì fẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì pé síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi igi náà sílẹ̀, á ga. Gígé ni wọ́n ń gé e tí kì í fi í kọjá ìbàdí ẹni tó ń já a. Obìnrin kan tó ń já ewé fi bó ṣe ń ṣe é hàn mí: ọ̀mùnú tó wà ní ṣóńṣó pẹ̀lú ewé méjì tó tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ewé tó bá ti gbó ti le ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì wo ọwọ́ náà rárá. Èmi ló ń wò bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn jíjá, wọ́n á kọ́kọ́ sá ewé náà kó rọ, ẹ̀rọ á wá gé e wẹ́wẹ́, á fún un kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Wọn á tẹ́ ẹ fún atẹ́gùn. Ìgbà yẹn ni àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí atẹ́gùn ṣe ń bá omi inú rẹ̀ ṣiṣẹ́, òórùn rẹ̀ náà á sì yí padà. Tó bá ti pọ́n tó, iná ló kàn, láti gbẹ ẹ́ kó má baà pọ́n kọjá bẹ́ẹ̀. Ewé kan náà ni tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Ohun tí wọ́n fi ewé náà ṣe lẹ́yìn jíjá ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì ti ń dúró de Ngel Nyaki láti ilé. Igbó yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Yelwa, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn igbó orí òkè díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún wa. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni Hazel Chapman, onímọ̀ ewéko láti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand, ti dá iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà náà sì ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí ni ìdí tí igbó náà kò fi lè tàn kálẹ̀ padà sórí pápá. Ẹyẹ àti ọ̀bọ ló ń gbé èso kiri. Tí èso bá bọ́ sórí pápá, tó sì hù, màálù á tẹ̀ ẹ́ tàbí kó jẹ ẹ́, iná tí wọ́n ń dá sí koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sì jó èyí tó bá kù. Wọ́n wá fi wáyà yí apá kan ká, wọ́n ro ojú ilẹ̀ yí i ká kí iná má lè kọjá, igi sì ti ń padà bọ̀ níbẹ̀. Mo fi ojú mi rí i: lẹ́yìn wáyà, koríko lásán, nínú wáyà, igi kéékèèké tó ti ń ga ju èèyàn lọ.

Ẹ̀yà ìnàkí tó wà nínú igbó yẹn, kò sí níbòmíràn láyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ. A kò rí wọn. Ẹni tó mú wa wọlé fi ibùsùn wọn hàn wá lókè igi, ẹ̀ka tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fi ewé tẹ́. Alaalẹ́ ni ìnàkí ń ṣe ibùsùn tuntun. Ìyá Ìbejì gbé ojú sókè títí ọrùn fi ń dùn ún, omijé sì wà lójú rẹ̀. Kò fi pa mọ́ fún wa. Ó ní ọdún pípẹ́ lòun ti ń ya àwòrán ẹranko yìí sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì òun.

Gembu ni a sùn sí jù. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Sardauna, tó ń jẹ́ orúkọ oyè Ahmadu Bello. Lọ́dọ̀ máì-ṣáyì kan, ẹni tó ń po tíì tà, ni bàbá arúgbó kan ti bá wa sọ̀rọ̀ ìbò ọdún 1961. Abẹ́ Jámánì ni gbogbo ilẹ̀ yìí wà kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó jà, lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejì ọdún 1961, wọ́n ní kí àwọn èèyàn yan ibi tí wọ́n ń lọ. Apá gúúsù yan Kamẹrúùnù, apá àríwá, tí Mambilla wà nínú rẹ̀, yan Nàìjíríà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún náà ló sì wọlé sí Nàìjíríà. Bàbá ní ọmọdé lòun nígbà náà, pé ohun tí òun rántí jù ni bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe tò sórí ìlà, tí wọ́n wọ aṣọ ìmúròde. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ṣì wà lódìkejì ààlà, wọ́n sì ń ná ọjà ara wọn.

Odò Donga ń ṣàn nítòsí ibẹ̀, lórí rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná 3,050 mẹ́gáwáàtì tí a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti kékeré. A sọ̀kalẹ̀ lọ fọwọ́ kan omi náà. Orí òkè yìí ló ti sun, Benue ló ń wọ̀, Benue sì ń bá Ọya pàdé ní Lọ́kọ́ja. Kò sí bí ojú mi ṣe máa wo òkè tí kò ní igi lórí mọ́ tí n kò ní ronú nípa omi tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu.

Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀, jíà kejì ni Ẹ̀gbọ́n lò láti òkè dé Mayo Selbe, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì pẹ́ lórí bíréèkì. Níbi méjì la ti gbóòórùn bíréèkì ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ń jóná. Nísàlẹ̀, Ọ̀gá Mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sún mọ́ àgbá táyà kọ̀ọ̀kan láti mọ bó ṣe gbóná tó, ó sì mi orí sí Ẹ̀gbọ́n pé ó dára. Píà pọ̀ nínú búùtù, páálí tíì náà wà níbẹ̀. A ti ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní Serti sọ̀rọ̀ nípa Chappal Waddi báyìí. Wọ́n ní inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ká wá, nígbà tí odò inú igbó bá fà tó ṣeé là kọjá, ká sì gbé aṣọ òtútù tó nípọn ju èyí tí a gbé wá lọ.