Ẹ̀yin Tó Ń Ṣojú Ajagunfẹ̀yìntì, Ẹ Ka Kóòdù Kí Ẹ Tó Pẹjọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa ṣojú àwọn ajagunfẹ̀yìntì níwájú VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn ní Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀: àìsàn tó wà lára báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà iṣẹ́ ológun, àti ẹ̀rí tó so méjèèjì pọ̀. N kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tó ń bí mi nínú, tí mo sì ń rí lemọ́lemọ́ nínú fáìlì ọrùn ọwọ́ àti ìka, ni pé wọ́n á ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnikẹ́ni tó wo kóòdù tí VA fi díwọ̀n ọwọ́ náà, ìyẹn nọ́ńbà tó dúró fún irú àìsàn kọ̀ọ̀kan àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún (%) tí wọ́n lè fún un.

Nítorí náà, èkíní: ẹ gba rating code sheet. Inú C-file, fáìlì tí VA ní lórí onítọ̀hún, ló máa ń wà, fọ́ọ̀mù 20-10206 sì ni a fi ń béèrè fún un. Lẹ́tà ìpinnu nìkan kò tó. Orí code sheet ni ẹ ti máa rí kóòdù, iye tí wọ́n fún un, àti ọwọ́ tí wọ́n kà sí ọwọ́ àgbà, ìyẹn èyí tí onítọ̀hún fi ń kọ̀wé, tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni òfin gbà sí àgbà. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì bákan náà, èyí tó farapa, tàbí èyí tó farapa jù, ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà sí àgbà. Àṣìṣe lórí èyí nìkan lè gé 10% kúrò lára ohun tó tọ́ sí ẹni tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Èkejì: ẹ mọ òrùlé kóòdù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye tó ga jù tí a lè rí gbà lábẹ́ rẹ̀. 5215 wà fún ọrùn ọwọ́ tí kò tẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ tó péye ń tẹ̀ sẹ́yìn dé dígírì 70, ó sì ń tẹ̀ síwájú dé 80. Bí kò bá tẹ̀ sẹ́yìn tó 15, tàbí tí kò lè tẹ̀ síwájú kọjá ibi tó ti bá apá dọ́gba, 10% ni. Kò sí 20% nínú kóòdù yìí rárá. Ìrora ìbáà pọ̀ débi tí àgbàlagbà fi ń sunkún, 10% náà ni. Láti ọdún 1997 ni ẹjọ́ Johnston v. Brown, tó jẹ́ ẹjọ́ ọrùn ọwọ́ gan-an, ti fi hàn pé ẹni tó ti gba iye tó ga jù lórí àìlètẹ̀ kò lè fi ìrora béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ga ju 5215 lọ ni 5214, fún ọrùn ọwọ́ tó ti gan pátápátá tàbí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ so pọ̀: 30% sí 50% fún ọwọ́ àgbà, 20% sí 40% fún èkejì.

Ti ìka kò le. Ìka òrùka àti ìka tó kéré jù tí kò ká dáadáa, 0% ni lábẹ́ 5230, Sowers v. McDonald (2016) sì ní a kò lè torí ìrora gbé e sókè. Ìka àárín tàbí èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, bí orí rẹ̀ bá jìnnà sí ìlà àtẹ́lẹwọ́ tó íǹṣì 1 nígbà tó bá ká a dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, 10%. Àtàǹpàkò tí àlàfo àárín òun àti àwọn ìka yòókù ju íǹṣì 2 lọ, 20%. Rúlà ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má fi ojú díwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí fáìlì ṣe ń bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Ẹ mú mẹkáníìkì kan tó jábọ́ látorí ọkọ̀ ológun, tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbara lé ilẹ̀. Wọ́n ya X-ray lọ́jọ́ náà, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n kọ "sprain", pé ọwọ́ kàn rọ́ ni, wọ́n fún un lóògùn ìrora, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àṣé scaphoid, eégún kékeré tó wà ní ìdí àtàǹpàkò, ti sán. Ó wọ́pọ̀ kí X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ má fi í hàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Apá ìhà ìka sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ eégún yìí ń gbà wọlé, nítorí náà bí ó bá sán láàárín, ẹ̀jẹ̀ lè má dé apá kejì, kò sì ní so mọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, arthritis, àìsàn oríkèé, á dé, ọrùn ọwọ́ á le. VA fún un ní 10%, lábẹ́ 5215.

Aṣojú rẹ̀ kọ Higher-Level Review, ìyẹn pé kí ọ̀gá kan ní VA tún ìpinnu náà wò, pé ìrora náà ju 10% lọ. Wọ́n ní 10% ni. Ó gbé e lọ sí Board, ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ VA. 10%. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀. Òrùlé ló ń forí sọ.

Ẹ wá ṣí ìwé àyẹ̀wò ọkùnrin yìí sí ibi tí aṣojú rẹ̀ kò kà. Ó ti sọ fún olùyẹ̀wò pé àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀lé e, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka máa ń kú tipiri lóru, tí òun á fi jí, tí òun á máa gbọn ọwọ́ kí òun tó lè padà sùn. Ó ní ife ń bọ́ lọ́wọ́ òun, bọ́tìnì ẹ̀wù kò sì ṣe é dè mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkèé mọ́. Iṣan median ni, tó ń gba ọ̀nà tóóró kọjá lọ́rùn ọwọ́, tí eégún tó yẹ̀ àti oríkèé tó wú lè fún pa. Kóòdù tirẹ̀ ni 8515: fún ọwọ́ àgbà, 10% bí ó bá fúyẹ́, 30% bí ó bá jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 50% bí ó bá le, 70% bí iṣan náà bá kú pátápátá. Fún ọwọ́ kejì, 10, 20, 40, 60. Ó yàtọ̀ sí àìlètẹ̀ ọwọ́, nítorí náà kò tako òfin tó ní kí a má díwọ̀n àmì àìsàn kan lẹ́ẹ̀mejì, Esteban v. Brown (1994) ti là á. 30% fún iṣan àti 10% fún oríkèé: ìdá 10 nínú 70 tó kù jẹ́ 7, àpapọ̀ 37, wọ́n á sún un sí 40%.

Bí iṣan ọwọ́ òsì náà bá bàjẹ́, ẹ má gbàgbé bilateral factor, àfikún tó wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bàjẹ́. Iṣan méjèèjì nìkan, 30 àti 20, jẹ́ 44, tí VA ì bá sún wálẹ̀ sí 40%. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdá 10 nínú 44 náà kún un: 48.4, ó di 50%.

Ohun tó dùn mí jù nínú irú fáìlì yìí ni ọjọ́. Iṣan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún, ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè ni owó rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi bá 5215 fà á ti lọ nìyẹn.

Ẹ ṣe é báyìí. Àìsàn tuntun tí àìsàn tó ti wà nílẹ̀ fà, 21-526EZ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, kì í ṣe 20-0995, tó wà fún ẹ̀rí tuntun lórí ohun tí wọ́n ti pinnu. Bí ẹ̀rí kò bá tíì pé, ẹ kọ́kọ́ fi 21-0966 sílẹ̀, fọ́ọ̀mù tó ń sọ pé ẹ fẹ́ béèrè, yóò bá yín di ọjọ́ náà mú fún ọdún 1. Kí onítọ̀hún ṣe nerve conduction study, àyẹ̀wò tó ń fi bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bí ó bá jẹ́ pé kíkú tipiri nìkan ni, òfin kò ní kọjá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí náà bí agbára ọwọ́ bá ti dín, kí dókítà fi dynamometer, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára ọwọ́, wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún lósì, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ń rù. Kí lẹ́tà dókítà dáhùn ìbéèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ọrùn ọwọ́ ló fa àìsàn iṣan náà, àti bí kò bá fà á, ṣé ó mú un burú sí i? Kó sọ ìdí rẹ̀. Ìdajì lórí ìdajì ti tó. Kò pọn dandan kó dájú. Bí olùyẹ̀wò VA bá dáhùn ti àkọ́kọ́ nìkan, àṣìṣe tí ẹ lè dìmú nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣojú àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tó gba ọ̀nà MAVNI, ètò tó gba àwọn àjèjì tó mọ èdè tí ológun nílò, wọ iṣẹ́ ológun nígbà tí Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó lọ fún àyẹ̀wò. Olùyẹ̀wò á ní báwo ni ara, wọ́n á ní a dúpẹ́, ara le. Yóò sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tí àìsàn náà bá dìde: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, wákàtí mélòó, kí ni ọwọ́ kò lè gbé. Sharp v. Shulkin (2017) ti ní kí olùyẹ̀wò béèrè, kó sì fojú díwọ̀n rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dìde lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

Ní ti ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń tako ìpinnu VA, tó ti wà láti February 19, 2019: àṣìṣe wọn tó hàn gbangba nínú fáìlì, 20-0996, fọ́ọ̀mù Higher-Level Review. Ẹ má so èsì àyẹ̀wò tuntun mọ́ ọn, wọn kò ní kà á. Ẹ̀rí tuntun, 20-0995. Bí ẹ bá fẹ́ adájọ́, 10182, ẹ sì yan ìlà ẹ̀rí bí ẹ bá fẹ́ fi kún un láàárín ọjọ́ 90. Ọdún 1 ni gbogbo wọn láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, bí a kò bá fẹ́ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ bọ́. Bí Board bá kọ̀, ọjọ́ 120 ni ẹ ní láti dé Court of Appeals for Veterans Claims. Bó bá sì jẹ́ pé iṣan gan-an ni wọ́n kọ̀, tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 20-0995 láàárín ọdún yẹn ṣì wà nílẹ̀.